Àpótí Àkísà

Ní Nippori, níbi tí òpópónà kan ti ń ta aṣọ láti òkè dé ìsàlẹ̀,
bọ́tìnnì ni mò ń tà. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta rèé.
Mo mọ bọ́tìnnì ọlọ́pàá, mo mọ ti akẹ́kọ̀ọ́,
mo mọ èyí tí wọ́n fi ìkarawun òkun gbẹ́ fún ìyàwó tuntun.
Ojú mi ti ń ṣú, àmọ́ ìka mi ṣì ń ríran.

Ó wọlé lọ́jọ́ Ṣátidé, òjò ń kán tó-tó-tó.
Kaoruko lorúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tófù ló ti ń ṣiṣẹ́,
ó ń di tófù sínú ike láti aago márùn-ún ìdájí,
fìlà funfun, ìbòmú funfun, bàtà rọ́bà funfun.
"Ìyá Fusae, ojú nìkan ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀ níbẹ̀,
ojú ọ̀hún náà, àwa méjìlélógójì la jọ ni ín."

Ó ka owó ẹyọ sórí tábìlì mi.
Kò pé. Ó ku àádọ́rin yẹ́ẹ̀nì.
Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń wá oògùn:
"Ẹ ò ní àkísà?"

Àkísà kẹ̀!
Wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà,
kò lè ní àkísà bí àgbà.
Ọmọ yìí ò bá wọn jiyàn. Àkísà gan-an ló wá tọrọ.

Mo fa àpótí ìsàlẹ̀ síta, èyí tí n kì í ṣí fún oníbàárà:
léèsì tó ti pọ́n bí omi tíì,
ríbọ́ọ̀nù tí eku jẹ létí,
àti apá kìmónò kan, elése àlùkò,
tí ẹyẹ agùfọn kan ṣoṣo ṣẹ́kù sí lára.

Ìyá mi ló ni ín.
Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ogun ń parí lọ,
ṣòkòtò oko kan náà ni gbogbo obìnrin ń wọ̀,
àwọ̀ eérú, àwọ̀ ẹrẹ̀,
aládùúgbò ń yọjú lójú fèrèsé, bóyá ẹnì kan fi òdòdó sórí.
Ogun parí, ebi ò parí.
Ìyá mi ń gbé kìmónò lọ sóko lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé ìrẹsì bọ̀.
Aṣọ là ń jẹ. A bó ara wa bí wọ́n ti ń bó èéhù oparun,
ìpele lórí ìpele, títí ó fi ku apá kan.

N ò sọ èyí fún un.
Mo ní, "Gbé e. Má gé ẹyẹ náà lọ́rùn."

Ní ọjọ́ Àìkú, tèmi ti orúnkún tó ń ro mí, mo dé Harajuku.
Lórí afárá ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin, ẹ wá wò wọ́n:
ọmọkùnrin tó so pínnì mẹ́rìndínlógún mọ́ etí ṣòkòtò,
ọmọbìnrin tó wọ dúdú dé èékánná,
bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ọba tí a ò tíì bí,
irun aláwọ̀ ewé, irun aláwọ̀ ahọ́n,
tòbí lórí tòbí, ó wú bí àkàrà tó ráyè nínú epo.
Kaoruko dúró láàárín wọn, agbòjò léèsì lọ́wọ́,
òjò ò rọ̀, oòrùn ò ràn.
Agùfọn ìyá mi bà sí àyà rẹ̀, ọrùn rẹ̀ gùn, ó pé.

Ọkùnrin oníkóòtù kan ń kọjá, ó pòṣé:
"Ta ló kú tí ẹ fi ń ṣe báyìí?"
Kaoruko tẹrí ba fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ti kọ́ wa.
"Kò sẹ́ni tó kú, sà. Ọjọ́ Ajé ni mo máa ń kú."

Aṣọ là á kí ká tó kí ènìyàn.
Mo kí aṣọ, mo kí i títí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹni tó wọ̀ ọ́.
Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ó fa òwú le jù lápá òsì.
Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo mọ̀."

Lálẹ́, mo ran léèsì ìwọ̀n ìka méjì
sínú apá kóòtù eérú mi, níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè rí.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tú u.
Mo tún un rán, síta.

Àádọ́rin yẹ́ẹ̀nì mi ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.