Àpótí Òfìfo

Ní Kutaísi, òjò ń lu páànù ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀.
Ojú ìwé náà pé lórí kọ̀ǹpútà:
orúkọ Baba Bẹsarióni, abúlé rẹ̀, ọjọ́ ìbí,
lẹ́tà Jọ́jíà tó ká bí ọwọ́ ìtàkùn àjàrà.
Sáfà sọ ọ́ di píídíẹ́fù,
ó wá di àpótí kéékèèké,
àpótí, àpótí, àpótí, kò séèyàn nínú wọn.

Baba wò ó títí.
"Ọmọ mi, ṣé pósí lo ń tò fún mi yìí?"

Síálà ò rẹ́rìn-ín.
Ó jókòó ti ẹ̀rọ títí ilẹ̀ fi ṣú, tíì rẹ̀ tutù,
kó tó rí i pé sáfà ò jẹ̀bi:
ta ló kọ́ ọ ní lẹ́tà wa rí?
Ó fún un ní fọ́ńtì, ẹyọ kan péré.

Lówùúrọ̀, orúkọ ti jókòó sáyè orúkọ.
Ojú ìwé lè yí padà lọ́la; èyí ò ní yí.
Baba fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan,
ó dúró níbi ọjọ́ ìbí.
"Ọjọ́ yìí kọ́ ni wọ́n bí mi."

Síálà tún gbé omi tíì kaná.