Ìlà Kẹtàdínláàádọ́ta

Nísàlẹ̀, wọ́n ń pín ogún bàbá wa.
Mo gbóhùn Bùọ̀dá Fáṣeyì: "Ìdí igi ni o!"
Mo gbóhùn Àǹtí Ìbíyẹmí: "Irọ́ ni, orí ò jorí!"
Èmi wà lókè, ní yàrá tó kọjú sí títì Òkè-Ẹ̀sọ̀,
mò ń kọ́ kọ̀mpáílà.
Iná ti lọ ní Iléṣà láti àná,
bátìrì mi ku ìdá mẹ́rìndínlógún.

Kó mọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sọ́rọ̀, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.
Mo tẹ ọkọ́, mo tẹ ọkọ̀, ó dá wọn mọ̀.
Ṣùgbọ́n ọ̀ tí mo tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yìí
àti ọ̀ tí Dípẹ̀ tẹ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù,
lójú èèyàn, ìbejì ni wọ́n;
lójú ẹ̀rọ, wọn ò tíì pàdé rí.
Ọ̀kan kọ àmì rẹ̀ sára bí ilà ojú,
èkejì pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ.
Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí n tó sọ wọ́n di ọmọ ìyá.

Lẹ́yìn náà, gbólóhùn di igi,
igi tó dorí kodò, gbòǹgbò lókè, ewé nílẹ̀.
Mo yà á sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì.
Dípẹ̀ wò ó títí: "Ṣé ẹbí yín lo yà síbí?"

Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́.
Nínú èdè mi, ìran ń bí ìran.
Ohun tí bàbá mọ̀ ọ́n ṣe, ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe
láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un kọ.
Bọ́mọ bá ní ọ̀nà tirẹ̀, tọmọ la ó tẹ̀ lé;
bí kò bá ní, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn bàbá,
bàbá ò ní, ẹ kan ti bàbá bàbá,
títí dọ́dọ̀ ẹni tí kò ní bàbá mọ́.
Ibẹ̀ ni ìbéèrè ń kú sí.

Ṣùgbọ́n bọ́mọ bá jogún ilé méjì,
tílé méjèèjì sì pe iṣẹ́ kan lórúkọ kan náà,
ta la ó gbọ́ tirẹ̀?
Nísàlẹ̀, wọn ò tíì dáhùn.
Mo kọ ọ́ sófin pé: ilé kan ṣoṣo.
Ìbẹ̀rù ló kọ ọ́, kì í ṣe ọgbọ́n.

Ẹni tí mo fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, bàbá àgbà ló jọ.
Wọ́n ní nígbà tó ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú onílùú,
kì í jókòó sórí àga onígbèsè.
Òṣómàáló! Òṣòó ni yóò ló síbẹ̀ títí owó yóò fi jáde.
Láti àná ló ti lóṣòó sí ìlà kẹtàdínláàádọ́ta:
"Nọ́ńbà lo ṣèlérí, ọ̀rọ̀ lo kó wá."
Mo bẹ̀ ẹ́. Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn.
Ó ṣì wà níbẹ̀, eékún rẹ̀ ò tilẹ̀ dùn ún.

Àfi bí Bùọ̀dá Fáṣeyì ṣe lu tábìlì:
"Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin! Kò lè kú kó má sọ ibi tílé ń lọ!"
Mo wo ìlà náà.
Orúkọ bàbá ni mo fi síbi tó yẹ kí ọjọ́ orí rẹ̀ wà.

Mo pa Adéṣùyì rẹ́.
Mo tẹ mọ́kàndínlọ́gọ́rin.
Òṣómàáló dìde, ó gbọn ẹ̀yìn ṣòkòtò,
gbogbo ọ̀rọ̀ mi sì ṣàn wọlé, oókan, òdo, oókan.

Àǹtí Ìbíyẹmí dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, bírò lọ́wọ́ wọn:
"Ìwọ nìkan ló kù tí kò tíì fọwọ́ síwèé."
Ìdá méjì.
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dáhùn."