Tábìlì Mẹ́fà

Lọ́jọ́ tí mo ta kajú bàbá mi tán ní Ìyàrà,
àpò márùn-ún, owó rẹ̀ ń gbóná lápò ṣòkòtò mi,
mo wọ mọ́tò, ó di Kàbà,
ó di ṣọ́ọ̀bù Médùpin lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà.
"Ọ̀kun o, tíṣà." "Ọ̀kun, ọmọ mi."
Mo kọ́ ọ ní ìṣirò nígbà kan rí.
Kọ̀ǹpútà tó ti kú ló ń jí dìde báyìí,
ó tú ikùn wọn sílẹ̀ bí ẹja tí a fẹ́ yan.

Mo ní mo fẹ́ èyí tí n ó fi máa ta káàdì.
Ó ní, "Káàdì ìpè?"
Mo ní rárá o. Káàdì tẹ́tẹ́,
orí tábìlì mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà,
èmi àti àwọn tí n kò ní mọ ojú wọn láéláé,
tí ìyàwó mi bá ti sùn.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí
bí mo ṣe máa ń wo ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀.

"Èyí rẹwà, ó fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kéré.
Tábìlì mẹ́fà yóò gun ara wọn lórí níbẹ̀
bí ọmọ iléèwé lórí bẹ́ńṣì kan.
Tọ̀hún yẹn, òun làwọn ọmọ fi ń yìnbọn.
Ó ń jẹ iná bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ààwẹ̀.
Ẹ ò nílò rẹ̀. Káàdì kì í sáré,
ẹni tó ń ta á ló ń sáré."
Ó wá fa ọ̀kan yọ lábẹ́ àpótí,
ó wúwo, ojú rẹ̀ fẹ̀,
bọ́tìnnì kan ti yọ lẹ́nu rẹ̀ bí eyín ọmọ ọdún méje.
"Mo ti fi mẹ́mọ́rì kún un. Bátìrì ń gbé wákàtí mẹ́rin.
Tòkunbọ̀ ni."
Òkun ló là kọjá
kó tó dé ọ̀dọ̀ àwa tí ń kí ara wa ní Ọ̀kun.

Mo to fèrèsé mẹ́fà sójú rẹ̀,
mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀,
ọ̀kan kò bo èkejì, bí ebè tí ọwọ́ àgbà kọ.
Médùpin ní, "Tíṣà, ojú yín mélòó?"
"Méjì."
"Ẹ fi méjì pín mẹ́fà."
"Mẹ́ta."
"Ojú kan, tábìlì mẹ́ta. Èwo ni yóò máa wo ilé?"
Mo ka owó fún un. N kò dáhùn.
Ó dá ẹgbẹ̀rún kan padà, ó ní kí n fi wọ mọ́tò.

Aago kan òru, ọyẹ́ ń fẹ́, iná lọ.
Mo rẹ́rìn-ín sínú: bátìrì ń bẹ.
Lórí tábìlì kẹrin, ásì méjì bọ́ sí mi lọ́wọ́.
Ẹnìkan, ní ìlú tí n kò mọ̀,
ti gbogbo owó rẹ̀ síwájú.
Mo tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà.
Àmì róbótó kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí láàárín ojú kọ̀ǹpútà,
ó ń yí, ó ń yí.
Máàsì orí òkè ti bá iná lọ sùn.
Mo ra ojú tó fẹ̀, mo ra mẹ́mọ́rì,
mo ra wákàtí mẹ́rin;
n kò rántí béèrè ẹni tí ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀ máàsì.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"
Mo ní mò ń dúró.
"De ta ni? Gbé iná yẹn bọ̀, ọmọ ń wúkọ́."
Mo gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.
A wá ìgò oògùn, a wá ṣíbí,
a gbé ọmọ jókòó,
àwọ̀ ewé tábìlì mẹ́fà sì tàn sí i níwájú orí.
Ó mu oògùn náà. Kò tètè sùn.
Wákàtí mẹ́rin gééré ni bátìrì gbé.
Médùpin kò parọ́.