Ọjọ́ Mọ́kànlá Pẹ̀lú Lámilámi

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó bi í léèrè:
"Sínátù, ta ló ń sanwó fún ẹni tó ń ka kòkòrò?"
Ó rẹ́rìn-ín, ó de àṣíborí,
ó ní kí n tan ọ̀kadà, oòrùn ti ń gòkè,
lámilámi kì í fò kí ara rẹ̀ tó gbóná.

Adágún Àgbà la ti bẹ̀rẹ̀.
Omi tẹ́jú, kò síbòji.
Àwọn pupa ló ni ibẹ̀, pupa bí ata ṣọ̀mbọ̀,
ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀pá koríko tirẹ̀
bí onílẹ̀ tó jókòó ti ìwé ilẹ̀.
Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ bà síbẹ̀; wọn á lé e dé àárín omi.
Sínátù kọ ọ́ sínú ìwé: mọ́kànlélógójì.
Mo ní mẹ́tàlélógójì ni mo rí.
Ó wò mí. Ó pa á rẹ́, ó kọ tèmi.

Láti Àgbà a bọ́ sí Odò Àsà,
ìsàlẹ̀ afárá, níbi tí omi ti ń hó bí ọṣẹ,
tí ọ̀rá píọ̀wọ́tà so mọ́ gbòǹgbò igi bí èso.
Irú kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀,
aláwọ̀ eérú, olóríkunkun,
irú èyí tí í gbé ibi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbé.
Sínátù dákẹ́ títí. Ó kàn kọ: ọ̀kan.
Èmi tí mo lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ lọ́mọdé,
bàtà mi ni mo ń wò.

Ẹ̀yin náà ẹ ṣe é rí: a máa ń so òwú mọ́ ọn nírù,
a ní ó ń lá omi, ìyẹn la fi ń pè é ní lámilámi.
Irọ́ ni o.
Sínátù ní kò lá nǹkan kan:
ẹyin ló ń fi ìdí yé, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan.
Ọmọ rẹ̀ á wà lábẹ́ omi láìníyẹ̀ẹ́,
á máa jẹ ìdin ẹ̀fọn, títí ọjọ́ tí yóò gun koríko
tí yóò bọ́ awọ sílẹ̀ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́.

Ọjọ́ karùn-ún a kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo,
a gba Òrò, a forí lé Ìsánlú-Ìsin.
Ọ̀nà gbọ̀n wá déegun. Táyà jò lẹ́ẹ̀mejì.
Odò kékeré kan wà lẹ́yìn oko kókó Bàbá Olúkòtún,
ó tutù, ó dúdú, ẹ ó gbóhùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i.
Níbẹ̀ la ti rí àwọn tẹ́ẹ́rẹ́
tí kì í na ìyẹ́ gbalaja bíi tará Àgbà;
wọn a pa á pọ̀ sẹ́yìn, bí obìnrin ṣe ń ká ìbòrùn.
Ìyẹ́ dúdú, ara ń dán bí aṣọ aró tuntun.
Bàbá Olúkòtún kò mọ orúkọ wọn,
ó ní lámilámi ṣáà ni gbogbo wọn.
Mo sọ wọ́n ní abẹ́rẹ́-odò.
Sínátù kọ ọ́ sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní ká kó díẹ̀ lọ sí Àgbà, wọn á pọ̀ sí i.
Ó ní wọn á kú. Oòrùn ibẹ̀ kò ní í jẹ́.
Mo rántí ìyá mi, tí ẹ̀gbọ́n mi kó lọ sí Kàdúná,
tó padà lóṣù kẹta,
tó ní omi ibẹ̀ kò mọ òun.

Sínátù ti lọ. Ó sanwó mi pé,
ó fi ìwé kékeré kan tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún mi.
Lánàá, ní ẹ̀gbẹ́ ilé epo tuntun àdúgbò wa,
mo rí pupa kan lórí mọ́tò dúdú tó ń dán.
Ó ń fi ìdí kan irin, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan.
Abàtà ló wà níbẹ̀ kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ sí i.
Ẹni tó ni mọ́tò fọn fèrè pé kí n kúrò lọ́nà.
Mo yọ ìwé jáde. Mo kọ ọ́:
Ẹ̀yìn ilé wa. Pupa: ọ̀kan.
Omi: kò sí.