Ojú-ìwé Komlan

Nínú ìwé ìnáwó búrẹ́dì mi,
lẹ́yìn ojú-ìwé fúláwà, lẹ́yìn ṣúgà àti yíìsì,
mo ṣí ojú-ìwé tuntun lóṣù Ẹrẹ́nà,
mo kọ orúkọ ọkùnrin kan sórí rẹ̀.

Fọ́tò mẹ́fà, ẹ̀yìn funfun.
Wọ́n ní etí òsì kò hàn. Fọ́tò mẹ́fà mìíràn.
Ìwé ìbí rẹ̀ láti Atakpamé, èdè Faransé ni:
ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,
ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin ni.
A tún un túmọ̀.

Ọ̀nà Lọ́kọ́jà, ẹ̀ẹ̀meje.
Ẹ mọ ọ̀nà Ọ̀bàjánà,
bí tírélà sìmẹ́ńtì ṣe ń tò níbẹ̀ bí ìjàlọ;
ẹni tó kúrò ní Kàbbà láago márùn-ún ìdájí
yóò dé ọ́fíìsì nígbà tí ọ̀gá ti lọ jẹun.
"Ẹ padà wá ní Ọjọ́bọ̀."
Ọjọ́bọ̀ wo? Kò sọ.

Owó ìjọba ní rìsíìtì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé.
Owó kan wà tí kò ní rìsíìtì.
"Omi mímu" ni mo kọ síwájú rẹ̀.
Lọ́dún yìí, a mu omi púpọ̀.

Ọmọ mi Ọlátẹ́jú ṣírò ó títí, ó sọ bírò sílẹ̀:
"Màámi, jẹnẹrétọ̀ tuntun lẹ gbé fún àlejò yìí.
Tó bá gbàwé ìgbélùú tán,
tí àwọn oníbúrẹ́dì ọ̀nà Ìyàrà fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá bù kún owó rẹ̀ ńkọ́?"
Lọ́yà náà ti tẹ ìwé àdéhùn wá:
ọdún márùn-ún, kò gbọdọ̀ kúrò;
tó bá kúrò, kó san gbogbo rẹ̀ padà.
Ìwé ọ̀hún wà lábẹ́ òṣùwọ̀n.
N kò tíì fún un. N kò tíì fà á ya.

Wọ́n ní àjò kì í dùn kó dàbí ilé.
Ọdún mọ́kànlá nídìí ààrò kan náà,
èwo wá ni àjò níbẹ̀?

Nígbà tí Olúmọrótì kú,
ọjọ́ mẹ́ta ni ààrò fi tutù, èérú rẹ̀ di bí ata lílọ̀.
Ìdájí ọjọ́ kẹrin, mo gbóòórùn búrẹ́dì lórí ibùsùn,
mo rò pé orí mi ti dàrú.
Mo jáde. Komlan ni, ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́.
"Òkun o, Ìyá," ó kí mi ní ìkíni tiwa,
ahọ́n rẹ̀ ń yọ́ lórí rẹ̀ bí ẹni ń jẹ ohun tó gbóná.
Kò sọ nǹkan mìíràn. Ó yíjú sí páànù.
Owó fúláwà ọjọ́ náà, ta ló kọ ọ́ sílẹ̀?
Mo ti wá inú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Lánàá, ní Lọ́kọ́jà, fọ́ọ̀mù tó kẹ́yìn:
"Kí lẹ jẹ́ sí ẹni yìí?"
Àpótí kéékèèké méjì: agbanisíṣẹ́, mọ̀lẹ́bí.
Mo fi àmì sí èkíní.
Ọwọ́ mi dúró díẹ̀ lórí èkejì,
bírò sì ro tàdáwà síbẹ̀, tóó, kékeré.

Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí.
"Ẹ ti bà á jẹ́. Ẹ lọ ra òmíràn."

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀:
fọ́ọ̀mù kan, lẹ́ẹ̀kejì.