Ọjọ́ Mẹ́sàn-án tí Aago Fi Dúró De Òní

Owó ilẹ̀ mẹ́ta ní Òkè-Òyì ló wà nínú aago yìí.
Bùsàrí Àgàká ló sọ bẹ́ẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.
Ó tú u nínú aṣọ ìnujú, ó gbé e ka orí tábìlì mi ní Táíwò
bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ fún àlejò.

Ojú rẹ̀ fẹ̀ ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ díẹ̀,
síbẹ̀ ọjọ́, oṣù, ọdún,
gbogbo wọn rí àyè jókòó láìtẹ ara wọn lẹ́sẹ̀.
Òṣùpá oníwúrà kan ń yọjú lábẹ́ aṣọ búlúù
bí ìyàwó tuntun lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Àwọn ará Súwísì tó ṣe é ní kò ní ṣi Fẹ́búárì kà
títí di ẹgbàá ọdún ó lé ọgọ́rùn-ún,
ìgbà tí èmi àti Bùsàrí yóò ti di orúkọ inú àdúà.

Àìsàn ló dá a dúró. Olówó rẹ̀ dùbúlẹ̀ oṣù kan ní ọsibítù,
kò sí ọwọ́ tí yóò mì ín.

Mo ní kò ṣòro. Èmi tí mo tún Sàíkò gbogbo Pàkàtà ṣe!
Mo fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ọjọ́ kan, ọjọ́ kan, ọjọ́ kan,
àfi bí ọ̀kadà ṣe fọn fèrè lẹ́yìn mi,
ọwọ́ mi fò kọjá òní.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ṣíwájú wa.

Aago yìí kì í fẹ̀yìn rìn.
Bí o bá fipá dá a padà, eyín rẹ̀ á kán,
eyín tó kéré ju ti èèrà lọ.
Mo ní, "Àlááji, ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Kí òní máa rìn bọ̀ wá bá a."

Ó yẹ kó bínú. Ó fa àga.
Ojoojúmọ́ ló ń wá, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ lásán,
ojú ibi tí aago ń wà funfun bí inú iṣu.
A jẹ wàrà. A sọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ tí kò yọ,
àti ti Mọ́ríámọ̀ ọmọ rẹ̀ tí kì í pè é.
Lọ́jọ́ kẹfà ìyá mi ń kọjá, ó ní,
"Ọjà Gánmọ ku ọjọ́ mélòó?"
Bùsàrí gbé ọwọ́ sókè, ó wo ibi tí kò sí nǹkan.
Ó ka ìka rẹ̀, ó ṣì í kà.
Ìyá mi ní, "Áà, ọ̀tunla mà ni." Kò wo ibì kankan.

Alẹ́ ọjọ́ kẹjọ, gbogbo Ìlọrin gbójú sókè, à ń wá oṣù ààwẹ̀.
Kùrukùru bo Sóbì.
Òṣùpá inú aago ń dán lórí tábìlì mi,
kò sí ẹni tó gba ẹ̀rí rẹ̀.
Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní wọ́n ti rí i ní Jẹ́bà.

Ọjọ́ kẹsàn-án, òní dé.
Mo yí orí rẹ̀, ó mí.
Bùsàrí so ó mọ́wọ́, ó fi etí tì í,
lẹ́yìn náà ló bọ́ síta, ó fi ọwọ́ bo iwájú orí, ó wo òòrùn,
ó ní, "Ìṣínu mà ṣì jìnnà."