Oṣó Tí Mo Fi Bírò Bí

Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́ ní Pópó-Ọba, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ wa níbí.
A tan tọ́ọ̀ṣì fóònù Wásílátù, a gbé ife omi lé e
kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè ká gbogbo tábìlì.
Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ leré tuntun máa bẹ̀rẹ̀.
Tíjánì ti mú jagunjagun, bó ṣe máa ń mú u;
Rẹ̀mílẹ́kún mú olè tó ń fi òru rìn lórí páànù.
Ó ku èmi.
Mo ní, "Oṣó ni tèmi. Oṣó tí orí rẹ̀ dàrú."
Wásílátù, tó ń darí eré, ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń bẹ̀rẹ̀:
mo wọ àkísà fún un, mo so agolo mọ́ ọn lọ́rùn,
mo ní kó máa rẹ́rìn-ín láìnídìí.
Làákàyè: òdo.
Mo pín idán rẹ̀ sójú dáìsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà:
bó bá já sí oókan, òjò á rọ̀ nínú ilé, ìta á gbẹ táútáú;
eéjì, idà ọ̀tá á di ẹja ọ̀bọ̀kún,
á máa jà pìtìpìtì lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú;
ẹẹ́ta, a ó gbàgbé orúkọ ara wa títí àkùkọ á fi kọ;
ẹẹ́rin, tí a bá dìde, òjìji wa á jókòó.
Aárùn-ún, mi ò tíì mọ̀.
Ẹẹ́fà ni mo fi pamọ́.

Rẹ̀mílẹ́kún rẹ́rìn-ín títí ife fi mì,
ìmọ́lẹ̀ ń ru lára ògiri bí ọ̀sà.

Wásílátù ò rẹ́rìn-ín.
"Kí ló ń wá?"
"Wèrè ni. Kò wá nǹkan kan."
"Kò sí wèrè tí kì í wá nǹkan. Pa á rẹ́."

Bùọ̀dá Láníhun, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kò wọ àkísà rí.
Ayọ̀nù eléèédú ló fi ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.
Ní kùtù hàì á ti wà létí omi,
á máa ka ọkọ̀ tó ń ti Àgbòwà bọ̀,
á kà á dé mẹ́tàdínlógún, á dákẹ́,
á tún bẹ̀rẹ̀ látorí oókan.
Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ìkejìdínlógún.
Àwọn ọmọ alẹ́ja ń pè é ní Kápútéènì;
á kí wọn padà, ohùn rẹ̀ á tutù ju ti tíṣà lọ.
*Wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ*:
ìyá mi máa ń wí i,
á sì tún jókòó yọ egungun inú ẹja rẹ̀
ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tó gbé e fún un.

Mo ya ojú ìwé kan nínú ìwé ìṣirò àbúrò mi,
ìdajì rẹ̀ ṣì ṣófo.
Mo tú agolo lọ́rùn rẹ̀. Mo fún un ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun,
bọ́tìnnì dé ọrùn.
Làákàyè: mẹ́rìndínlógún.
Tíjánì ní, "Háà, ó pọ̀ jù fún wèrè!"
Mo ní àpọ̀jù rẹ̀ gan-an ló ń ṣe é;
gbogbo ilẹ̀kùn orí rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀,
afẹ́fẹ́ ń wọlé, afẹ́fẹ́ ń jáde, kò sẹ́ni tó ń kàn.
Òjò inú ilé ò yí padà, ẹja ọwọ́ ọ̀tá ò yí padà,
ṣùgbọ́n dáìsì mẹ́ta ni yóò máa jù báyìí,
yóò sì máa kà á sókè, kí gbogbo wa gbọ́.
Tó bá pé méjìdínlógún...

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

Bírò dúró.
Ẹ̀rọ ọkọ̀ kan ń húkọ́ kọjá lórí omi,
ẹyọ kan, ní irú àsìkò yẹn.

"Má kọ ìyẹn," Wásílátù wí. "Jẹ́ ká débẹ̀ ná."

Orúkọ ló kù. Tíjánì ní Ìjì, Rẹ̀mílẹ́kún ní Ayésódì.
Fóònù kú.
Nínú òkùnkùn ni mo kọ Kápútéènì;
ilẹ̀ mọ́ kí n tó rí i pé ó ti kọjá ìlà,
ó wọ inú àròpọ̀ tí àbúrò mi ò tíì ṣe tán.